Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ihò Ìdí Nínú Ilé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọkùnrin Tí Ó Ń Fẹ́ Ọkùnrin Mọ̀

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú ìgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu: jẹ̀díjẹ̀dí. Yóò dẹ́kun ṣúgà, yóò wá àgbo mu, yóò sì máa retí pé kí ara rọlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ṣì í pè. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí àmì rẹ̀ jọ ti jẹ̀díjẹ̀dí púpọ̀, òun náà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde, a máa mú kí ìdí yún ni tàbí kí ó dun ni, kókó kékeré sì lè yọ lẹ́nu ihò ìdí. Àìsàn náà ni jẹjẹrẹ ihò ìdí. Ẹlòmíràn tí ó ní in kì í tilẹ̀ rí àmì kankan títí àìsàn náà yóò fi wọra.

A kọ àlàyé yìí fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa tí ó ń ka èdè Yorùbá, pàápàá jù lọ fún àwọn ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn àti àwọn tí ó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, nítorí pé ewu àìsàn yìí pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ sọ ní gbangba ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́. Ọ̀nà kan wà nísinsìnyí tí ènìyàn fi lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì, láìsí pé ẹnikẹ́ni wò ó ní ìhòhò. A fẹ́ sọ ohun tí ọ̀nà náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Kí ni ó ń fa jẹjẹrẹ yìí?

Fáírọ́ọ̀sì kan tí a ń pè ní HPV ni ó ń fa bí 9 nínú 10 jẹjẹrẹ ihò ìdí. Òun kan náà ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lára obìnrin. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi èyí hàn ni ó mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Oríṣiríṣi HPV ni ó wà, èyí tí ó léwu jù lọ nínú wọn ni HPV 16. Bí ara bá fara kan ara nígbà ìbálòpọ̀ ni ó máa ń ràn. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ti ní ìbálòpọ̀ rí ni yóò kó o nígbà kan láyé wọn, tí ara wọn yóò sì lé e jáde láìmọ̀. Níní HPV kì í ṣe àmì ìwà burúkú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì náà bá dúró sí ara fún ọdún púpọ̀.

Jẹjẹrẹ ihò ìdí kì í ṣe àìsàn àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nìkan. Bí a bá ka gbogbo àwọn tí ó ń mú ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iye ènìyàn wé iye ènìyàn, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Nínú 100,000 ènìyàn láwùjọ, ẹni kan tàbí méjì ni ó ń ní in lọ́dún kan. Nínú 100,000 ọkùnrin tí ó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tí kò ní kòkòrò HIV, bí 19 ni. Nínú 100,000 irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tí ó ní HIV, bí 85 ni. Ìdí tí ewu náà fi pọ̀ fún ẹni tí ó ní HIV ni pé agbára tí ara rẹ̀ fi ń lé HPV jáde ti dínkù. Sìgá mímu náà ń fi kún ewu yìí.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò

Jẹjẹrẹ yìí kì í dédé bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí ó tó di jẹjẹrẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ihò ìdí yóò kọ́kọ́ yí padà díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀ nígbà mìíràn. Ní àkókò yìí, kì í dun ni, ojú lásán kò sì lè rí i. Àkókò yìí ni àyẹ̀wò wúlò jù lọ.

Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn kò ní ẹ̀rí tí ó dájú pé bí a bá tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, jẹjẹrẹ kò ní í wá mọ́. Ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní ANCHOR ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Ènìyàn tí ó lé ní 4,400, tí gbogbo wọn ní HIV tí wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó kópa nínú rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Wọ́n tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti yí padà fún apá kan nínú wọn. Apá kejì ni wọ́n kàn ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2022, ó hàn pé ìtọ́jú náà dín jẹjẹrẹ ihò ìdí kù ní ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lé ní ìdajì àwọn jẹjẹrẹ tí ìbá wáyé tí kò wáyé mọ́.

Láti ìgbà náà ni ìlànà ti ń yí padà. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àgbáyé lórí àìsàn yìí dábàá pé kí ọkùnrin tí ó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tí ó sì ní HIV bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 35. Ẹni tí kò ní HIV lè bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 45.

Kí ni ó ń dá àwọn ènìyàn dúró?

Bí àyẹ̀wò bá wà tí ìtọ́jú sì wà, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kì í fi í lọ? Ìtìjú ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti tú ṣòkòtò níwájú àlejò kí ó sì ní kí ó wo ihò ìdí òun. Kí ọkùnrin tó lè béèrè irú àyẹ̀wò yìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ní láti kọ́kọ́ sọ fún dókítà irú ẹni tí ó ń bá lò pọ̀. Ẹlòmíràn kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún ní gbòǹgbò tí ó jinlẹ̀. Òfin kan tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2014 gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kalẹ̀ fún ìgbéyàwó láàrin ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin. Ẹni tí ó dàgbà sí abẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kọ́ láti pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Bí dókítà bá bi í léèrè nípa ìbálòpọ̀ rẹ̀, ìdáhùn tí kò ní mú wàhálà wá ni yóò fún un. Dókítà yóò kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kò sì ní í dárúkọ àyẹ̀wò náà rárá. Báyìí ni ìdákẹ́jẹ́ tí ó dáàbò bo ènìyàn níbì kan ṣe lè di ewu fún un níbòmíràn.

Ohun tí wọ́n rí ní Milwaukee

Ìbéèrè tí àwọn olùṣèwádìí ní Medical College of Wisconsin bi ara wọn ni pé: bí àyẹ̀wò náà bá lọ bá àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nílé, ṣé wọn yóò ṣe é? Láti ọdún 2020 sí 2022, wọ́n kó ènìyàn 240 jọ ní agbègbè ìlú Milwaukee. Ẹni tí ó kéré jù lọ láyè láti kópa ni ẹni ọdún 25. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí tí ó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n fi ọ̀nà tí ó dà bí ìṣẹ́kèké pín wọn sí méjì lọ́gbọọgba. Wọ́n fi àpótí àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ilé àwọn 120 kan. Wọ́n sì ní kí àwọn 120 yòókù lọ sí ilé ìwòsàn kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe é fún wọn.

Nínú àwọn tí wọ́n fi àpótí ránṣẹ́ sí, 107 ni ó ṣe àyẹ̀wò náà, èyí tí ó jẹ́ bí 89 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, 89 ni ó lọ, èyí tí ó jẹ́ bí 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú rẹ̀. Èkíní ni pé àpótí inú ilé ń mú àwọn tí ilé ìwòsàn kò rí mú. Èkejì ni pé, àní láàrin àwọn tí wọ́n ní kí ó rin ìrìn àjò, mẹ́ta nínú mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò ka ìlera wọn sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ni.

Èrò àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nípa àyẹ̀wò inú ilé

Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú àyẹ̀wò inú ilé, ìdáhùn kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ sọ. Wọ́n ní àṣírí wọn bò. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó ń wo àwọn. Wọ́n ní àwọn kò ní láti gba àyè kúrò níbi iṣẹ́, tàbí kí àwọn jókòó sí yàrá ìdúró níbi tí ojúlùmọ̀ ti lè rí àwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún wà, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. A ó dáhùn mẹ́rin nínú wọn níhìn-ín.

“Bí mo bá ṣe é láìtọ́ ńkọ́?” Èyí ni ẹ̀rù tí ó wọ́pọ̀ jù. Fún àyẹ̀wò HPV, ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà sábà máa ń tó fún ilé àyẹ̀wò láti lò. Bí kò bá tó, wọn yóò sọ, ẹ ó sì tún un ṣe. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

“Ṣé kò ní dùn mí?” Ohun èlò náà jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó lè ṣe ènìyàn bákan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fa ìrora gidi. Bí ó bá dùn yín gan-an, ẹ dá a dúró kí ẹ sì sọ fún oníṣègùn, nítorí ìrora fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

“Bí ará ilé mi bá rí àpótí náà ńkọ́?” Kí ẹ tó gbà kí wọ́n fi í ránṣẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lóde. Ẹ sì lè béèrè bóyá ẹ lè gbà á ní ilé ìwòsàn fúnra yín kí ẹ gbé e lọ sí ilé.

“Bí èsì burúkú bá bá mi ní èmi nìkan ńkọ́?” Ẹ̀rù yìí tọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò, ẹ mọ ẹni tí yóò sọ èsì fún yín, àti nọ́ńbà tí ẹ ó pè bí ó bá ní ìbéèrè nínú.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kò sí ohun tuntun nínú pé kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ nílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti pé ọmọ ọdún 45 ní Amẹ́ríkà ni ó ń fi ìgbẹ́ díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò lọ́dọọdún láti wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí, nítorí jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ohun èlò àkọ́kọ́ tí obìnrin lè fi gba àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ nínú ilé ara rẹ̀. Àyẹ̀wò ihò ìdí inú ilé kò tíì wọ́pọ̀ tó ìwọ̀nyí. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ dókítà yín tàbí ilé ìwòsàn tí ó ń tọ́jú HIV ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ lè rí i.

Bí ẹ bá rí i, ìwé ìlànà inú àpótí náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí: ẹ ó fọ ọwọ́ yín, ẹ ó fi omi tí ó mọ́ rẹ orí igi náà, láìfi òróró tàbí ìpara kankan sí i, ẹ ó rọra tì í wọ ihò ìdí bí sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ ó máa yí i bí ẹ ti ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fi orí rẹ̀ sínú ìgò kékeré tí omi oògùn wà nínú rẹ̀, ẹ ó dé e dáadáa, ẹ ó sì fi í ránṣẹ́ nínú àpò tí wọ́n ti san owó ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀.

Àpótí nìkan kò tó

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rántí nìyí: àpótí náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe yàrá. Èsì tí ó sọ pé HPV wà lára yín kò sọ pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ó yẹ kí ẹnìkan wò yín dáadáa. Oníṣègùn yóò fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ inú ihò ìdí wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Ó sì lè rán yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo inú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti fi omi kíkan kan pa á kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti yí padà lè hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí ó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Àwọn oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè ṣáájú ibi tí wọn yóò rán yín lọ.

Ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò nínú ilé, tí ó rí èsì, tí ó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, kò tíì ṣe àyẹ̀wò. Ìtìjú tí ó mú kí ó yan àpótí lè tún mú kí ó sá fún ohun tí àpótí sọ. Bí ẹ̀jẹ̀, ìrora tàbí kókó bá sì ti wà, ẹ má ṣe dúró de àpótí kankan, ẹ má sì fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí dá ara yín lójú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Ẹ̀tọ́ tí ẹ ní

Ilé ìwòsàn tí ó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fẹ́ sọ èdè Yorùbá. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé ògbufọ̀ náà lè jẹ́ ojúlùmọ̀ láti inú ìjọ tàbí ẹgbẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n lo ògbufọ̀ orí tẹlifóònù, kí ẹ má sì dárúkọ yín fún un. Ẹ kò ní láti mú ọmọ tàbí ìbátan yín wá láti túmọ̀.

Òfin àpapọ̀ ọdún 1996 tí a ń pè ní HIPAA kò gba ilé ìwòsàn láyè láti sọ èsì yín fún ìyàwó, òbí, pásítọ̀, ààfáà tàbí ọ̀gá iṣẹ́ yín bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí orúkọ yín bá wà lábẹ́ ìwé adójútòfò ìlera ẹlòmíràn, bí i ti ìyàwó yín, lẹ́tà tí ó ń ṣàlàyé owó tí wọ́n san lè lọ bá ẹni náà. Ẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ adójútòfò náà kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò, pé kí wọ́n máa fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn.

Fún àwọn tí ó kéré lọ́jọ́ orí, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV wà. Wọ́n dábàá rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn títí dé ọmọ ọdún 26. Ẹni tí ó wà láàrin ọdún 27 sí 45 lè bá dókítà rẹ̀ jíròrò bóyá yóò ṣe é láǹfààní. Ẹ̀yin òbí, tọmọkùnrin tọmọbìnrin ni ó wà fún.

Sí àwọn ẹbí, a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà nínú ilé yín, tí ẹ kò sì mọ̀. Ohun tí ẹ bá ń sọ nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ ni yóò fi pinnu bóyá yóò sọ fún yín lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá le.

Sí ẹ̀yin ọkùnrin tí a kọ èyí fún: bí ẹ bá tún lọ sọ́dọ̀ dókítà, gbólóhùn kan péré ni ẹ nílò. Ẹ lè sọ ọ́ ní èdè yòówù tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn: “Mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ mí wò fún jẹjẹrẹ ihò ìdí.” Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sí ìwé kí ẹ sì nà án sí i. Iṣẹ́ dókítà ni láti gbọ́ ọ.